Yunifásítì Wo Ni Kí Ọmọ Yìí Mú? Ẹ Wo Ẹ̀ka Kí Ẹ Tó Wo Orúkọ

Fọ́ọ̀mù JAMB kì í tíì pẹ́ jáde tí ìpàdé ẹbí fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá á ní Ìbàdàn lòun ti kàwé, ibẹ̀ náà lọmọ òun ń lọ. Ìyá á ní Ìlọrin ló dáa jù, torí wọn kì í yanṣẹ́ lódì níbẹ̀. Àbúrò bàbá tó wà ní Àbújá á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí wọ́n má wulẹ̀ dààmú, yunifásítì aládàáni ni kí wọ́n mú ọmọ lọ, kó lè tètè parí. Ọmọ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pe ìpàdé á jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, á máa sọ "UNILAG" lábẹ́nu, torí ibẹ̀ làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú.

Ọ̀rọ̀ Ìlọrin yẹn ti di ọ̀rọ̀ àná. Lóòótọ́, ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn olùkọ́ yunifásítì Ìlọrin kò fi bá ẹgbẹ́ ASUU yanṣẹ́ lódì, ṣùgbọ́n wọ́n ti padà sínú ẹgbẹ́, wọ́n sì wà nínú ìyanṣẹ́lódì 2020 àti ti 2022. Ìyá ò mọ̀, torí ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nígbà tí òun wà níléèwé ló di mú.

Ohun tó ká mi lára jù nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni pé orúkọ iléèwé ni kálukú ń dá. Kò sẹ́ni tó béèrè nípa ẹ̀ka tí ọmọ fẹ́ wọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka yẹn ni yóò kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà, orúkọ kọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n sì máa kọ sínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Iléèwé tí gbogbo ayé mọ̀ lè ní kọ́ọ̀sì kan tí àjọ NUC ti ní kí wọ́n dá dúró. Iléèwé tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí náà sì lè ní ẹ̀ka tí olùkọ́ pé sí, tí yàrá ìwádìí rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́.

NUC ni àjọ tó ń bójú tó gbogbo yunifásítì ní Nàìjíríà, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ọdún 1962 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí mọ̀ pé NUC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí yunifásítì kó tó lè ṣílẹ̀kùn. Ohun tí wọn kì í sábà mọ̀ ni pé ìyẹn ò tíì tó. Lẹ́yìn tí iléèwé bá ti gba àṣẹ, àjọ náà á tún máa rán àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ wo kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan: olùkọ́ mélòó ló wà níbẹ̀, mélòó nínú wọn ló kàwé dé PhD, irú ohun èlò wo ni wọ́n ní, ìwé wo ló wà nínú láíbìrì. Bí nǹkan bá pé, kọ́ọ̀sì náà á gba ìfọwọ́sí kíkún, ọdún márùn-ún ló sì máa lò ó. Bó bá kù díẹ̀ káàtó, wọ́n á fún un ní ìfọwọ́sí ọdún méjì, kí wọ́n fi tún ilé ṣe. Bí kò bá dáa rárá, wọ́n á ní kí wọ́n dẹ́kun gbígba ọmọ tuntun síbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "NUC ti fọwọ́ sí iléèwé wa," ẹ bi í pé kọ́ọ̀sì wo, ọdún wo, ṣé kíkún ni àbí ti ọdún méjì. Ìkànnì NUC lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní orúkọ àwọn yunifásítì tó gbàṣẹ, àjọ náà sì máa ń tẹ orúkọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ jáde. Pòlì ní tirẹ̀, NBTE ló ń bójú tó o. Àwọn iléèwé olùkọ́ni àgbà wà lábẹ́ NCCE. Bí kọ́ọ̀sì náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé ọmọ yín máa wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbà, ẹ béèrè ìgbà tí NUC ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe pé ẹ má mú un o, àmọ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn àkọ́kọ́ ló máa ń ru ẹrù náà bí nǹkan ò bá lọ déédéé.

Àwọn iṣẹ́ kan tún wà tí NUC nìkan kò lè ṣílẹ̀kùn wọn. Ìṣègùn wà lábẹ́ MDCN, iṣẹ́ ẹnjiníà wà lábẹ́ COREN, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní àjọ tirẹ̀, ìpoògùn náà ní tirẹ̀. Ti ẹ̀kọ́ òfin ló máa ń dun àwọn òbí jù. Ọmọ kì í di lọ́yà nígbà tó bá gba dìgírì. Ó ṣì gbọ́dọ̀ lọ sí Law School. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ òfin ló máa ń sọ iye ọmọ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́ lọ́dún. Bí ààyè tí wọ́n fún iléèwé kan bá jẹ́ 100, tó sì lọ gba 200 wọlé, gbogbo wọn á kàwé pọ̀, gbogbo wọn á san owó kan náà, wọ́n á sì jọ ya fọ́tò aláṣọ dúdú. Ìgbà tí wọ́n bá parí tán ni 100 á wá jókòó sílé máa dúró de ọdún tó ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀ á sì ní tirẹ̀ tí yóò dà lé e lórí.

Ìbéèrè tó dáa jù lẹ́nu òbí ni: àwọn tó parí ní ẹ̀ka yìí lọ́dún tó kọjá àti èṣí dà? Ṣé wọ́n ti wà ní Law School? Ṣé àwọn nọ́ọ̀sì yín ti ṣe ìdánwò ìgbàwé-àṣẹ wọn? Ẹ má bi ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù, torí ohun tó máa tà lòun ń wò. Ẹ wá ọmọ tó wà ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin ní ẹ̀ka náà. Wọn ò ṣòroó rí: nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín, ẹnì kan á mọ ẹnì kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí fóònù pẹ̀lú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ju ìwé pélébé aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń pín níbi àpéjọ lọ.

Ọmọ Kano tí ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀ṣun

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí kò gbé nílẹ̀ Yorùbá. Sábọ̀n Gàrí ní Kano lẹ wà, tàbí Jọ́ọ̀sì, tàbí Kàdúná, tàbí Mínà. Ẹ bí ọmọ síbẹ̀, ó ń sọ Haúsá bí ẹni mumi, kò sì dé ìlú bàbá rẹ̀ rí ju ọdún Kérésì tàbí Iléyá méjì, mẹ́ta lọ. Lójú ọmọ yìí, yunifásítì Bayero, tí gbogbo èèyàn ń pè ní BUK, ni yunifásítì ìlú òun. JAMB kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ìlànà ìgbàwọlé sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni pé nínú gbogbo 100 ààyè, 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. 35 jẹ́ ti àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí iléèwé náà ká. 20 tó kù jẹ́ ti ọmọ àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ abínibí ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ọmọ ń gbé. Ọmọ Kano wa yìí, tó jẹ́ pé Ọ̀ṣun ló wà nínú ìwé rẹ̀, kò sí nínú 35 ní BUK, kò sì sí nínú 20. Inú 45 nìkan ló wà, níbi tí òun àti gbogbo ọmọ tó mọ̀wé jù ní Nàìjíríà ti jọ ń jà. Bó bá mú Ifẹ̀, Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó yí iléèwé náà ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì wọlé sí 35 yẹn. Ṣùgbọ́n èrò tó ń lọ sí Ifẹ̀ kò kéré, nítorí náà kí ẹ má rò pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Ẹ wá wo aládùúgbò rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ wá láti Ọ̀fà tàbí Kàbbà. Kwara àti Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ 23 tí ìjọba kà sí èyí tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó. Ọmọ yẹn ní ìpín nínú 20 ní yunifásítì àpapọ̀, ì báà jẹ́ Kano, ì báà jẹ́ Èkó. Àwọn ọmọ méjèèjì jọ ń gbé òpópónà kan, wọ́n jọ gba máàkì kan náà, síbẹ̀ iléèwé tó yẹ kí ọ̀kan mú yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ lè ní ètò náà kò tọ́, èmi náà ò ní bá yín jiyàn, àmọ́ JAMB kò ní dúró gbọ́ ẹjọ́ wa kó tó pín ààyè.

Ní yunifásítì ìpínlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún kan owó, torí owó tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà lọ́wọ́ àlejò ju èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ onílùú lọ. Ọmọ tí ẹ bí sí Kano á jẹ́ àlejò ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Kano, ṣùgbọ́n ọmọ onílùú ni ní UNIOSUN, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ọ̀nà Òṣogbo. Ìwé ìjọba ìbílẹ̀ tó fi hàn pé ọmọ ibẹ̀ ni ló máa là á. Ẹ tètè gba ìwé náà. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà nílé kó bá yín lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kí èsì JAMB tó jáde, torí bí èsì bá ti jáde, gbogbo ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi ló máa ya bo ibẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Gánà náà lè ṣe ìdánwò JAMB láì wá sílé, torí JAMB ní ibùdó ìdánwò ní Accra. Bí ọmọ bá fẹ́ kàwé ní Gánà níbẹ̀, àjọ GTEC ni NUC tiwọn. Ẹ wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Kí ẹ sì béèrè bóyá owó ọmọ Gánà ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín àbí owó àlejò tí wọ́n ń fi dọ́là kà.

Iṣẹ́ mẹ́rin inú JAMB

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé ti ń ṣubú kò ju ojú ìwé kan lọ nínú fọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe nínú ìdánwò JAMB, 400 sì ni gbogbo máàkì rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ, kọ́ọ̀sì ló máa sọ mẹ́ta yòókù. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìṣègùn gbọ́dọ̀ mú Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Ẹni tó fẹ́ ṣe òfin sábà máa ń ní Lítíréṣọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ tó gba 290 pẹ̀lú iṣẹ́ tí kò bá kọ́ọ̀sì rẹ̀ mu ti fi 290 náà ṣòfò. Ìwé ìtọ́ni JAMB wà lórí ìkànnì wọn, ó sọ ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ní iléèwé kọ̀ọ̀kan, títí dé èyí tó bá kan WAEC: àwọn ẹ̀ka kan máa ń gba èsì ìjókòó méjì, àwọn mìíràn kì í gbà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ káfẹ́ tó ń bá yín tẹ fọ́ọ̀mù ló máa yan iṣẹ́ mẹ́ta fún yín.

Àṣàyàn àkọ́kọ́ ni àṣàyàn. Àwọn yunifásítì tí èrò pọ̀ sí kì í wo ọmọ tó fi wọ́n ṣe ìkejì. Nítorí náà, ẹni tó bá fi Ìbàdàn sí àkọ́kọ́, tó fi Èkó sí ìkejì, iléèwé kan ṣoṣo ló mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má gbára lé máàkì tí JAMB ń kéde lẹ́yìn ìpàdé wọn ọdọọdún. Ní 2025, 150 ni wọ́n fi lélẹ̀ fún yunifásítì. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ kò lè wọlé rárá, kò túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ní 150 á rí ìṣègùn ṣe. Ọ̀pọ̀ iléèwé ló tún ń ṣe ìdánwò tiwọn, tí wọ́n á sì ṣírò máàkì náà mọ́ ti JAMB. Ẹ wá máàkì tí ẹ̀ka náà fi gba ọmọ wọlé ní ọdún méjì sẹ́yìn, kí ẹ wá fi ọmọ tiyín wé e láìtan ara yín.

Owó, àti ọdún tó ń lọ

Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti ọdún 2020 tó oṣù mẹ́sàn-án. Ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ó sì parí ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá. Ọmọ tó bọ́ sí àárín méjèèjì fi ọdún mẹ́fà ṣe kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin. Ohun tó jẹ́ kí àbúrò bàbá máa pariwo aládàáni nìyí, kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aládàáni nìkan ló ń bá iṣẹ́ lọ nígbà náà. Díẹ̀ nínú yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ò ti ilẹ̀kùn, LASU sì wà lára wọn ní 2022.

Bó bá jẹ́ aládàáni lẹ fẹ́, ẹ má wo owó ọdún àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: owó ẹ̀kọ́, owó ibùgbé, owó oúnjẹ tó bá jẹ́ dandan, owó yàrá ìwádìí, owó tí wọ́n ń gbà kí ọmọ tó gba ààyè, owó ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye ọdún tí ọmọ máa lò. Bí ẹ bá ti ń ronú àtita ilẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ọdún kìn-ín-ní, kí lẹ máa tà ní ọdún kẹta? Ọmọ tó dá ẹ̀kọ́ dúró láàárín torí owó kò ní dìgírì kankan lọ́wọ́, owó tí ẹ ti san kò sì ní padà.

Ẹ fi èyí sọ́kàn náà: owó àyálò ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NELFUND, tí òfin rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹrin, 2024, wà fún ọmọ tó wà níléèwé ìjọba nìkan. Kò sí èlé lórí rẹ̀. Iléèwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, ọmọ sì lè gba 20,000 náírà lóṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn tó bá ṣe agùnbánirọ̀ tán ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Ọmọ aládàáni kò lè fọwọ́ kàn án. Fún ìdílé tí owó rẹ̀ kò dúró sójú kan, ìyàtọ̀ yìí nìkan lè yanjú ọ̀rọ̀.

Pòlì kì í ṣe ìjìyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báyìí làwọn òbí kan ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ tó gba ND tó dáa lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì yunifásítì. Ọ̀nà IJMB tí yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń darí, àti JUPEB, náà ń mú ọmọ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún dìgírì àṣekún iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní part-time: ó dáa fún àgbàlagbà tó ti níṣẹ́, àmọ́ NYSC kì í gba ẹni tó ṣe é. Ọmọ ọdún 18 tó ń retí àtiṣe agùnbánirọ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí ṣáájú.

Ọ̀nà Kútọnu

Ìgbà tí JAMB bá já ọmọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta ni ẹnì kan á wá sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó lọ sí Kútọnu." Ó sún mọ́lé, wọn ò béèrè JAMB, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, ọdún mẹ́ta ó ti parí. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló ti gba ọ̀nà yìí, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló lọ fi owó ra ìwé.

Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan, Umar Audu, fi hàn gbogbo ayé pé òun gba dìgírì iléèwé kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láì jókòó ní kíláàsì, ó sì tún fi ìwé náà wọ NYSC. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kìn-ín-ní, 2024, ìjọba àpapọ̀ dá àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí tó bá ti Benin àti Tógò wá dúró. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Tahir Mamman, sọ pé ó lé ní 22,000 ọmọ Nàìjíríà tó gba ayédèrú ìwé ẹ̀rí ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, àti pé iléèwé mẹ́jọ péré ni wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀, márùn-ún ní Benin, mẹ́ta ní Tógò.

Ẹ ronú sí ọmọ tó jókòó kàwé ní tòótọ́ fún ọdún mẹ́ta ní iléèwé tí kò sí nínú mẹ́jọ yẹn. Kò ra ìwé, ó ṣe ìdánwò, àwọn òbí rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo òun àti ẹni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ṣáájú ni pé wọn ò béèrè ọ̀rọ̀ méjì: ṣé ìjọba orílẹ̀-èdè tí iléèwé náà wà mọ̀ ọ́n fún kọ́ọ̀sì yìí, ṣé ìjọba Nàìjíríà sì máa gba ìwé rẹ̀ wọlé? Faransé ni èdè ìjọba ní Benin àti Tógò, òun náà ni wọ́n sì fi ń kọ́ni ní yunifásítì ìjọba wọn, bíi Abomey-Calavi, Parakou, Lomé àti Kara. Ọmọ tó bá gbọ́ Faransé lè lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Iléèwé kékeré tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, tó jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà nìkan ló kún inú rẹ̀, ni kí ẹ bi léèrè dáadáa.

Irú ìbéèrè yẹn náà wà nílé. Láti 2017 ni JAMB ti ń gba gbogbo ìgbàwọlé kọjá lórí ètò tí wọ́n ń pè ní CAPS. Ibẹ̀ ni ọmọ á ti rí i pé wọ́n ti fún òun ní ààyè, ibẹ̀ náà ni yóò ti tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà tàbí òun kọ̀. Nígbà mìíràn, iléèwé á gbé ọmọ láti kọ́ọ̀sì tó fẹ́ sí òmíràn. Kí ọmọ má fi ìbínú tẹ̀ ẹ́ pé òun kọ̀ kí ẹ tó jọ jókòó, ẹ wo ẹ̀ka tuntun náà bí ẹ ṣe wo ti àkọ́kọ́. Bó bá ti gbà, kó tẹ ìwé ìgbàwọlé JAMB jáde kó sì tọ́jú rẹ̀, torí wọ́n ṣì máa béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ JAMB nígbà tó bá ń lọ sí NYSC. Bí iléèwé kan bá sọ fún yín pé kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, àwọn máa bá yín tún ti JAMB ṣe tí ọmọ bá dé ọdún kejì, ẹ mú owó yín padà sílé.